Ṣáàfù Ọkọ̀ Ojú Omi àti Ọwọ́ Òsì Bàbá Mi

Iṣẹ́ tọ́nà ni bàbá mi kọ́ ní Ìbàdàn kí ó tó wá sí Èkó. Tọ́nà ni ẹni tó ń so irin mọ́ ẹ̀rọ léèdì, tí ẹ̀rọ náà ń yí i bírí, tí òun fúnra rẹ̀ yóò sì máa fi ọ̀bẹ ẹ̀rọ fá a títí irin gbọọrọ lásán yóò fi di ohun tí oníbàárà fẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá. Ọ̀nà Ìgàndó ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, bí èèyàn bá ti ń bọ̀ láti Ìkòtún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ibẹ̀ ni mo gbọ́njú sí. Nínú gbogbo àwa ọmọ, èmi nìkan ni òórùn irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé máa ń fà mọ́ra. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sá fún iṣẹ́ náà. Ọ̀kan ń ta fóònù, èkejì di olùkọ́ ní Bárúwà. Nígbà tí mo parí sẹ́kọ́ńdìrì tí mo ní léèdì ni mo fẹ́ kọ́, Màámi figbe ta, wọ́n ní ta ni yóò fẹ́ obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gírísì. Bàbá mi kò pariwo. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Lọ di irun ẹ dáadáa, kí ẹ̀rọ má baà fà á." Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Mo rí ọkọ fẹ́ ṣá. Ọkọ mi ló tilẹ̀ máa ń ra ọṣẹ tí mo fi ń bó gírísì kúrò lọ́wọ́.

Oríṣiríṣi iṣẹ́ là ń ṣe. A ń ṣe irin ẹ̀rọ ìlọta fún àwọn aláta tó wà ní Ṣáṣá, à ń tún ti àwọn amọ búlọ́ọ̀kù ṣe, à ń ṣe ti mọ́tò. Ṣùgbọ́n èyí tí bàbá mi fẹ́ràn jù ni ti ọkọ̀ ojú omi. Alímọ̀ṣọ́ tí à ń gbé kì í ṣe ìlú odò bíi ti Badagry, síbẹ̀ etí omi apá Ọ̀jọ́ kò jìnnà sí wa, àwọn ọlọ́kọ̀ ibẹ̀ sì mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa. Ṣáàfù ni wọ́n sábà máa ń gbé wá. Òun ni ọ̀pá irin tó ti ara ẹ́ńjìnnì jáde sínú omi. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ onídẹ sí, èyí tó ń ti omi sẹ́yìn kí ọkọ̀ lè máa lọ síwájú. Fáànù ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè é.

Orí ṣáàfù yìí, níbi tí fáànù ń jókòó sí, ni iṣẹ́ wà. Kì í dọ́gba bí ìyókù ara rẹ̀. Ńṣe ló máa ń tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀ lọ sí ẹnu, ihò àárín fáànù náà sì gbọ́dọ̀ rí bákan náà, kí ìkan lè jókòó sínú èkejì gbagidi. Bí wọn kò bá bára mu, fáànù á máa gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn á ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, tàbí kí fáànù já bọ́ sísàlẹ̀ omi nígbà tí èrò wà nínú ọkọ̀.

Ọ̀nà tí bàbá mi gbà ń ṣe é nìyí. Á ti ìka bọ ihò fáànù, á dijú, á rọra yí ìka náà ká. Á wá lọ fá orí ṣáàfù. Tó bá fá a tán, á po tìróò mọ́ òróró, á fi pa á lára, á ti fáànù bọ̀ ọ́, á yí i díẹ̀, á fà á jáde. Ibi tí tìróò bá ti parẹ́, ibẹ̀ ni irin ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Á fi fáìlì àti sáńpépà ra á, á tún fi tìróò pa á. Ó lè wà lórí ẹyọ kan láti àárọ̀ títí wọn á fi pe ìrun Àsàrì. Tìróò tí Màámi bá rà bọ̀ láti ọjà, ṣọ́ọ̀bù ló máa ń bá lọ. Wọ́n bínú bínú, ó sú wọn, wọ́n wá ń ra méjì pọ̀.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún tó kọjá, bàbá mi wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń ṣe àlùwàlá. Mo gbọ́ tí kẹ́tùlù bọ́ lu sìmẹ́ńtì. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti jókòó sínú omi, ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Mo kígbe. Àwọn amọ búlọ́ọ̀kù ló fo fẹ́ǹsì wá bá mi gbé e sínú mọ́tò. Ní ọsibítù, dókítà ní rọpárọsẹ̀ ni, ṣùgbọ́n a tètè gbé e dé, kí a máa dúpẹ́.

A dúpẹ́ lóòótọ́. Ó padà wálé, ó ń fi ọ̀pá rìn, ọ̀rọ̀ sì ń padà sẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí omi tó ń kán láti ẹnu ẹ̀rọ omi tí kò ṣí dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kò gbọ́ràn. Ó máa ń wà lórí itan rẹ̀ níbi tí wọ́n bá gbé e sí. Ní ọsibítù, wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fi ọwọ́ òsì nà án, tí yóò máa tẹ bọ́ọ̀lù kékeré. Ó ń ṣe é bí Màámi bá dúró tì í. Tí wọ́n bá ti kúrò níbẹ̀, bọ́ọ̀lù á yí lọ sábẹ́ àga, bàbá mi á sì máa wo tẹlifíṣàn tí kò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí a jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kàn máa jókòó."

Kò mójú kúrò lára tẹlifíṣàn. "Kí... kí ni mo fẹ́ lọ wò?"

Mi ò bá a jà. Mo ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù fúnra mi, mò ń ṣe iṣẹ́ aláta àti ti mọ́tò. Ariwo léèdì ló ń bá mi sọ̀rọ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni Ìyá Ọlọ́kọ̀ dé. Ohun tí gbogbo wa ń pè é nìyẹn. Obìnrin tó sanra níwọ̀nba ni, tí ohùn rẹ̀ máa ń ròkè nítorí ọjọ́ pípẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ rẹ̀ ló ń gbé àwọn olùkọ́ lọ sí àwọn abúlé tó wà ní òdìkejì omi láràárọ̀, òun náà ló ń gbé àwọn aboyún bọ̀ wá sí ọsibítù. Kẹ̀kẹ́ Màrúwà ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ṣáàfù gígùn yọrí jáde lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà, aṣọ pupa sì wà lẹ́nu rẹ̀ kó má baà gún èèyàn. Ṣáàfù ọ̀hún ti tẹ̀ kọdọrọ, ṣùgbọ́n fáànù rẹ̀ tó gbé dání kò fọ́. Ìtì igi kan tó wà lábẹ́ omi ni ọkọ̀ gbá. Ọ̀pá ni wọ́n fi ti ọkọ̀ dé èbúté, ẹnikẹ́ni kò fara pa.

Ó wọlé, ó wo àga bàbá mi. "Bàbá ńkọ́?"

Mo sọ fún un. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi ìbòrí nu ojú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìwọ ńkọ́?"

"Mo lè fá ṣáàfù, Ìyá. Orí ẹ̀ ni mi ò tíì dá ṣe rí. Bàbá ló máa ń ṣe ìyẹn."

"Gbìyànjú ẹ̀, ọmọ mi. Ọkọ̀ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà ni àwọn olùkọ́ yẹn ń wọ̀ báyìí. Àyà mi ń já ní gbogbo àárọ̀."

Mo gbìyànjú. Mo ra irin sitéńlẹ́ẹ̀sì tuntun, mo fá ara rẹ̀, ó dára. Ó wá ku orí. Mo ti ìka bọ ihò fáànù bí bàbá mi ti ń ṣe, mo dijú, ìka mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo fá a, mo fi tìróò pa á, mo fi fáìlì ra á, mo tún pa á. Nígbà tí mo so ó mọ́ léèdì tí mo fi fáànù sí i, tí mo yí i, fáànù ń jó bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Mo pe Ìyá Ọlọ́kọ̀ lórí fóònù, mo ní mi ò lè gbé e fún wọn. Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n ní, "O ṣé tí o sọ òótọ́ fún mi. Ẹlòmíì á ti gbé e fún mi, a ò bá wà lórí omi kí a tó mọ̀." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ọlọ́kọ̀ kan sọ fún wọn pé ẹnjiníà kan wà ní Ẹgbẹ́dá tó gbé ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà wọlé, ẹ̀rọ tó ń dá irin fá, tí èèyàn kò ní fọwọ́ kàn án.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Mi ò fẹ́ gba ẹ̀yìn bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ síwájú àga rẹ̀, mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ẹ̀rọ... kò lọ́wọ́." Ó yí ojú sí ògiri.

Màámi fi ojú pè mí lọ sí kíṣìnì. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọn ò gbójú sókè. "Ìwọ lọ jàre. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ àjẹ̀ yẹn lọ́mọ nílé. Tí inú bàbá ẹ bá rọ̀, á bá wa níbẹ̀."

Ẹnjiníà Ẹgbẹ́dá jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Orí ilẹ̀ ìdílé wọn ló kọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan. Mo ti múra sílẹ̀ de ẹni tí yóò béèrè ọ̀gá ọkùnrin lọ́wọ́ mi. Kò béèrè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀ o," ó fa àga fún mi, ó gba ṣáàfù tó tẹ̀ àti fáànù lọ́wọ́ mi, ó sì béèrè ìbéèrè tó ní làákàyè: irú ẹ́ńjìnnì wo ni, omi iyọ̀ ni àbí omi odò, irú ẹrù wo ni ọkọ̀ náà ń gbé. Ó ya ṣáàfù náà sójú kọ̀ǹpútà bí mo ṣe jókòó tì í. Ó wá so irin tuntun mọ́ inú ẹ̀rọ, ó pa ilẹ̀kùn onígíláàsì dé.

Mo dúró síwájú gíláàsì yẹn. Omi funfun bí omi ògì ń tú sórí irin, ọ̀bẹ ń lọ, ó ń bọ̀, kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀. Tó bá fẹ́ pààrọ̀ ọ̀bẹ, á dá a pààrọ̀. Ohun tí bàbá mi ń fi odindi ọjọ́ ṣe, ẹ̀rọ yìí ṣe é kí n tó jẹ ẹ̀pà tí mo rà tán. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn tí mo fi ìka kan orí ṣáàfù náà, ó jọ̀lọ̀ ju ohunkóhun tí mo ti fọwọ́ kàn rí lọ. Inú mi dùn. Síbẹ̀ mo ń ronú ọwọ́ tó wà lórí itan nílé.

A gbé fáànù bọ̀ ọ́. Ẹnjiníà fi ọwọ́ mì í. Ó mì.

Ó yọ ọ́, ó wọn ọ̀tún, ó wọn òsì, ó wo kọ̀ǹpútà, ó tún wọn. "Kò jókòó," ó ní. "Bó ṣe yẹ kí ṣáàfù irú èyí rí ni mo ṣe fá a, kò sì sí àbùkù lára ẹ̀. Fáànù yìí ló ti gbó. Ọjọ́ ti pẹ́ lórí ẹ̀, ihò ẹ̀ ò rí bó ṣe rí mọ́."

"Ṣé ká wá tuntun?"

"Irú ìwọ̀n yìí ti wọ́n lọ́jà. Idẹ gidi sì ni, kò yẹ ní jíjù." Ó fi ìka họ orí. "Ta ló ń bá wọn ṣe é tẹ́lẹ̀?"

Mo ní bàbá mi ni. Mo sọ ti tìróò fún un. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ńṣe ló sún àga mọ́ mi. Ó ní kí n tún un sọ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀rọ mi á fá ohunkóhun tí mo bá sọ fún un. Ohun tí màá sọ fún un ni mi ò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wá kí Bàbá?"

Ọjọ́ Sátidé ló wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ wa. Bàbá mi mi orí, ó wo ojú fèrèsé. Ẹnjiníà kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ rẹ̀. Ó kàn gbé fáànù sórí ẹní níwájú bàbá mi, ó gbé ṣáàfù tì í, ó jókòó sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi wo ihò yìí, ẹ jọ̀ọ́. Ojú mi ò ká a."

Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, wọ́n mú ṣíbí lọ́wọ́. Bàbá mi wo fáànù yẹn fún ìgbà pípẹ́. Mo rí i tí èjìká ọ̀tún rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ na ọwọ́ tí ọwọ́ kọ̀. Nígbà tó ṣe, ọwọ́ òsì ló dìde. Ó lọ díẹ̀díẹ̀, ó kan etí fáànù, ó wá ihò, ìka rẹ̀ wọlé. Bàbá mi dijú.

"Tìróò," ó wí.

Màámi sáré lọ mú un wá. Bàbá mi ní kí n po ó, òun fi ìka òsì pa á sára ṣáàfù, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kán sórí ẹní, kò sẹ́ni tó bìkítà. Èmi ti fáànù bọ̀ ọ́, mo yí i, mo fà á jáde. Ó tẹ orí wálẹ̀ wo ó.

"Ẹnu ẹ̀... ti fẹ̀," ó ní. "Inú há. Igun ẹ̀... ti yí padà. Ó tún wá ga... níbí, lápá kan." Ó fi ìka lé e.

Ẹnjiníà mú irinṣẹ́ ìwọ̀n jáde lápò. "Bàbá, báwo ni fífẹ̀ ẹnu ẹ̀ ṣe tó?"

"Irun orí... méjì."

Ẹnjiníà dúró, ó wo bàbá mi, ó ní, "Irun ta ni, Bàbá? Tèmi nípọn o."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ ò tíì tọ́, ẹ̀rín náà jáde ní apá kan, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. A ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ọjọ́ tó ti ṣubú. Màámi yíjú padà sí kíṣìnì, mo rí i tí wọ́n fi etí ìró nu ojú. Bàbá mi sì tẹ orí wá síwájú ẹnjiníà. "Fa... tèmi."

Ẹnjiníà fa irun funfun kan lórí bàbá mi, ó fi irinṣẹ́ rẹ̀ wọn bó ṣe nípọn tó. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe rí èdè kan sọ. Bàbá mi á ní irun kan, á ní ààbọ̀ irun, ẹnjiníà á sọ ọ́ di ìṣirò lórí fóònù rẹ̀. Wọ́n jọ wà lórí ẹní náà títí oúnjẹ fi délẹ̀. Ohun tó yé wọn ni pé ẹ̀rọ lè tún orí ṣáàfù fá kí igun rẹ̀ bá igun ihò tó ti gbó mu, nítorí pé a ti fi gígùn díẹ̀ sílẹ̀ lára irin. Ṣùgbọ́n ibi tó ga lápá kan nínú fáànù, ẹ̀rọ tó ń yí bírí kò lè mú ìyẹn. Ọwọ́ ló máa ha á.

"Ọwọ́ ta ni?" mo bi wọ́n.

Bàbá mi fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí. "Tìẹ náà ni."

Nígbà tí ẹnjiníà fẹ́ máa lọ, bàbá mi mú ọ̀pá rẹ̀. "Mò ń bá yín lọ." Màámi ní ara rẹ̀ ò tíì le tó. Ó ní òun ti jókòó tó.

Mọ́tò ẹnjiníà ló gbé wa dé Ẹgbẹ́dá. A gbé àga fún bàbá mi síwájú gíláàsì. Nígbà tí ẹnjiníà tẹ ìṣirò wọn sínú kọ̀ǹpútà tán, ó fi bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé hàn án. "Bàbá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́." Bàbá mi ní Bísímílà, ó fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ dáhùn. Omi tú, ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ sí fá irin, bàbá mi sì gbé àtẹ́lẹwọ́ òsì lé ara ẹ̀rọ náà, ó ń gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n. Mo ń wo ojú rẹ̀, mi ò wo irin. Ó ń wo nǹkan yẹn bí èèyàn ṣe máa ń wo ọmọ-ọmọ tó ń rìn fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Kò rẹ̀ ẹ́," ó wí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà: "Bí mo ṣe wí... ló ń ṣe é."

Ọjọ́ kejì, mo gbé ṣáàfù náà dé ṣọ́ọ̀bù wa, bàbá mi sì bá mi wá. Ó jókòó sí àga rẹ̀. A fi tìróò pa á, a ti fáànù bọ̀ ọ́. Nígbà tí a fà á jáde, gbogbo ara rẹ̀ ló ti parẹ́ déédéé àyàfi apá kan ṣoṣo, níbi tí bàbá mi ti sọ. Mo mú irin tí a fi ń ha nǹkan, mo ń ha inú idẹ náà díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi ń ṣọ́ mi. "Fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹni... ń fá ìsàlẹ̀ ìkòkò ẹlẹ́gẹ́." Mo ha á, mo fi tìróò wò ó, mo tún ha á. Nígbà kan, mo dijú, mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo sì gbọ́ ọ. Mi ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò ṣe é rí. Ibi gíga náà dà bí egungun ẹja kékeré lábẹ́ ahọ́n. Mo ní, "Bàbá, mo ti rí i." Ó ní, "Ehn-ẹn." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A fi òróró oníyanrìn tí àwọn mẹkáníìkì fi ń lọ fáàfù ẹ́ńjìnnì lọ àwọn méjèèjì pọ̀, a fọ̀ wọ́n, mo ti fáànù bọ̀ ọ́. Ó jókòó. Mo mì í, kò mì. Mo fẹ́ yọ ọ́, ó kọ̀, àfi ìgbà tí mo fi òòlù onígi gbá a.

Lọ́jọ́ tí a lọ dè é mọ́ ọkọ̀, bàbá mi ní òun náà ń bọ̀ létí omi. Ẹnjiníà wá. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Ìyá Ọlọ́kọ̀ kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lọ gbé e bọ̀ ní òfìfo, wọ́n ní ó dára. Àwọn olùkọ́ ń dúró, wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì ààbò aláwọ̀ ọsàn, àwọn kan gbé báàgì ìwé sórí kí omi má baà ta sí i. Ìyá Ọlọ́kọ̀ na ọwọ́ sí bàbá mi. "Bàbá, ẹ wọlé, ẹ jẹ́ ká lọ fẹ́ atẹ́gùn."

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí mi ò mọ̀ rí. Bàbá mi tó ti ń fá ṣáàfù kí n tó gbọ́njú, kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé rẹ̀. Ẹ̀rù omi ń bà á. Ó jẹ́wọ́ rẹ̀ fún wa létí èbúté yẹn, pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ tó ń wọ́, bí ẹni tó ń sọ ìròyìn lásán.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ò gbọ́dọ̀ fipá ṣe é o. Ẹ jẹ́ ká dúró síbí."

Ó wo omi. Ó wo fáànù tí kò hàn mọ́. "Mo mọ ẹni... tó ṣe ṣáàfù ẹ̀," ó ní, ó sì na ẹsẹ̀ òsì sínú ọkọ̀. Ẹnjiníà dì í mú lápá ọ̀tún, èmi dì í mú lápá òsì. A wọ jákẹ́ẹ̀tì fún un. Olùkọ́ obìnrin kan dìde fún un kó lè jókòó níbi tí kò ti sí oòrùn.

Ìyá Ọlọ́kọ̀ ta ẹ́ńjìnnì. Mo ti wọ ọkọ̀ wọn rí kí ìtì igi tó bà á jẹ́, mo rántí bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe máa ń gbọ̀n débi pé omi inú ike á máa jó. Lọ́tẹ̀ yìí, ó lọ pẹ̀lẹ́. Omi pín sọ́tùn-ún sósì. Òṣíbàtà ń mì lójú omi bí a ṣe ń kọjá. Bàbá mi di igi àga mú fún ìgbà díẹ̀, gbogbo iṣan ọwọ́ rẹ̀ yọ. Nígbà tí a dé àárín, ó tú ọwọ́ náà sílẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, ó ń tẹ́tí sí i.

"Ṣé kò gbọ̀n, Bàbá?" ẹnjiníà bi í.

"Kò gbọ̀n," bàbá mi wí. Ó mí kanlẹ̀. "Àlùhàmùdùlílàhì. Omi yìí... mà gbòòrò o."

Àwọn olùkọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá Ọlọ́kọ̀ pariwo láti ẹ̀yìn pé èyí tí wọ́n rí yìí kékeré ni, kí wọ́n dúró dìgbà tí a bá dé ibi tí òdìkejì ò ní hàn.

Látìgbà náà, iṣẹ́ wa ti yí padà, kò sì parẹ́. Tí ọlọ́kọ̀ bá gbé fáànù àtijọ́ lọ sí Ẹgbẹ́dá, ẹnjiníà á darí rẹ̀ sọ́dọ̀ wa ká kọ́kọ́ wo ihò rẹ̀. Tí wọ́n bá gbé ṣáàfù wá bá wa, a máa ń gbé e lọ fá lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá Ọlọ́kọ̀ ti mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ọkọ̀ rẹ̀ wà ní Badagry wá. Èmi náà ń lọ sí Ẹgbẹ́dá lọ́jọ́ Túsìdeè àti Tọ́sìdeè láti kọ́ bí a ṣe ń ya nǹkan sójú kọ̀ǹpútà. Mo kọ́kọ́ ya ṣáàfù kan tó dà bí karọ́ọ̀tì, gbogbo wọn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Bàbá mi kò jẹ́ kí n máa dá lọ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí ẹnjiníà dìde lórí àga, òun fẹ́ fúnra òun tẹ ìṣirò wọlé. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sétí tábìlì, ìka rẹ̀ méjì ti lè ká kò báyìí, díẹ̀díẹ̀, ó sì fi ìka òsì wá nọ́ńbà àkọ́kọ́. Ó pẹ́ kó tó rí i. Oòrùn ọ̀sán wọlé láti ojú fèrèsé sórí bọ́tìnnì wọ̀nyẹn. Ẹnjiníà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ẹ̀rọ náà dúró, èmi náà dúró. Bàbá mi tẹ̀ ẹ́, ó wò ó lójú kọ̀ǹpútà bóyá òun ló jáde lóòótọ́, ó mi orí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wá èkejì.